Oògùn Orúnkún Tí Bàbá Mi Dúró Dè

Mo rántí òórùn etí ewúrẹ́ tútù. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ bá àwọn alápatà l'Óṣogbo pé kí wọ́n ta etí ewúrẹ́ fún mi, kí wọ́n má sì fi iná wì í. Ọ̀kan nínú wọn tó ti mọ̀ mí á rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, etí nìkan náà? Ẹran tó kù ńkọ́?" Awọ etí yẹn la fi ń dán oògùn làkúrègbé wò. Ìpara ni, a kó oògùn sínú àwọn àpò ọ̀rá tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Hóró oògùn tí àwọn àgbàlagbà ń gbé mì máa ń dá ọgbẹ́ sí wọn nínú. A fẹ́ kí tiwa gba awọ ara wọlé, kó lọ bá oríkèé tó ń dunni níbi tó wà.

Bàbá mi ni mo tìtorí wọn yan iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n l'Ọ́tan-Ilé. Orúnkún wọn méjèèjì ti wú, ọgbẹ́ inú kò sì jẹ́ kí wọ́n lè lo hóró mọ́. Nígbà tí mo lọ ṣọdún nílé, mo jókòó tì wọ́n, ẹnu mi ò gbófo.

"Bàbá, oògùn yín ń bọ̀. Ẹ ó kàn fi para ni."

"Ohun tójú ò rí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ la fi ń wò ó, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "Ìgbà wo ló máa délé?"

"Kò ní pẹ́."

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Èmi mọ oògùn o. Ohun tí ìrètí ń ṣe lára àgbàlagbà ni n kò mọ̀. Bí iná mànàmáná bá ti lọ ní yàrá ìwádìí wa, tí ooru mú, àwọn àpò náà á bẹ́, ọ̀rá á yà lọ́tọ̀, omi á yà lọ́tọ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn awọ ewúrẹ́, ó kan eku. Lẹ́yìn eku, a ń dúró de àṣẹ ìjọba kí a tó lè fi kan èèyàn. Ọdún ń gorí ọdún, bí mo bá sì délé, mo máa ń sọ pé ó ti kù díẹ̀.

N kò mọ̀ pé dókítà kan n'Íléṣà ti ní kí Bàbá jẹ́ kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún wọn nígbà tí agbára ṣì wà. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni ìyá mi sọ fún mi. "Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí dókítà fi ọ̀bẹ rẹ̀ pamọ́, pé ọmọ àwọn ń se oògùn lọ́wọ́, bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba."

Àṣẹ dé. Ilé ìwòsàn kan l'Óṣogbo la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara náà tọ́jú èèyàn. Àlájà aránṣọ kan tí ìka rẹ̀ ti ká tẹ́lẹ̀ ti wá lè di àlùmọ́gàjí mú. Ó rọra ń fi gé aṣọ. Ó gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn òbí mi jẹun ọmọ. Mo ṣe àmín.

Bàbá mi náà wá síbẹ̀, wọ́n sì rí ọwọ́ Àlájà. Dókítà ibẹ̀ wo àwòrán egungun wọn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun tó wà láàárín egungun méjèèjì ti jẹ tán. Ìpara á mú ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, kò lè dá èyí padà."

"Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Ọkàn wọn ò lè gbà á mọ́."

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà lọ sílé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ dókítà Iléṣà fún mi.

"Kí n sọ ọ́, kí o wá máa kánjú, kí iṣẹ́ bàjẹ́? Ṣé o ò rí ìka Àlájà yẹn ni?"

Ẹkún ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Mo dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí aláìsàn bá béèrè ìgbà tí oògùn tuntun kan máa jáde, mo máa ń sọ pé n kò mọ̀, pé kí wọ́n gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ ná. Láìpẹ́ yìí, Bàbá ní kí n gbé àwọn lọ wo kòkó. Ọkọ̀ ò lè kọjá ẹnu ọ̀nà oko, wọn ò sì lè fẹsẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo àwọn igi náà láti ojú fèrèsé, wọ́n wò wọ́n títí, kí wọ́n tó ní kí n yí ọkọ̀ padà.