Mègádì Tí Kì Í Dárúkọ Àlejò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rù òkú. Azeemah mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìlobù, síbẹ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Hameed ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n, ló gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó fi sólà sí i, tó sì kọ́ ìkànnì ẹbí sínú rẹ̀: fọ́tò ìgbéyàwó, ohùn àwọn àgbàlagbà, ẹ̀rín àwọn ọmọdé. Ó ní òun ò ní kó nǹkan ẹbí òun fún òyìnbó kan tọ́jú. Ó ṣe é pé ẹni tó bá ṣí i láti inú ilé kò nílò páásíwọọ̀dù, ojú ìwé àlejò yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ní "ẹni ilé." Ará ìta gbọ́dọ̀ tẹ páásíwọọ̀dù kó tó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni Hameed kú. Àyà ló ń dùn ún lóru, Azeemah sì ní kí àwọn mú sùúrù kílẹ̀ mọ́ kí àwọn tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Ilẹ̀ mọ́, Hameed ò rí i. Nígbà tí wọ́n sin ín tán ní Ìfọ́n, ìyá rẹ̀ wo Azeemah lójú, ó ní, "O ní kílẹ̀ mọ́." Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò láyà Azeemah, ì báà máa sùn, ì báà máa rìn.

Nígbà tó jáde opó, ó ní òun ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ òun parun. Àdírẹ́sì ìkànnì náà jẹ́ nọ́ńbà gbọọrọ tí kò sẹ́ni tó lè há a sórí, fóònù a sì máa kìlọ̀ fún èèyàn pé ibẹ̀ léwu. Azeemah gba orúkọ gidi fún un, ó sì fi ètò kan síwájú rẹ̀ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní reverse proxy. Òun ní tirẹ̀, mègádì ló ń pè é. Mègádì ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò, yóò gbé e wọlé fún ìkànnì, yóò sì gbé èsì jáde. Ó ṣe é tán, ó fi líǹkì ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ẹbí ọkọ rẹ̀. Gbogbo wọn na àtàǹpàkò sí i. Ta ló ṣí i? Àwọn ẹbí wa yìí ṣá!

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó yẹ ojú ìwé àlejò wò. Ẹnì kan ti ṣí ohùn tí Hameed fi dán ẹ̀rọ wò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Èmi ni o. Mo wà ńlé." Ẹni tó ṣí i, "ẹni ilé." Bẹ́ẹ̀, Azeemah nìkan ló wà nílé. Rísíkátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní yunifásítì ní Ìlọrin. Géètì wà ní títì. Azeemah pààrọ̀ páásíwọọ̀dù waifai, bóyá aládùúgbò kan ló ń jí i lò. Nígbà tó di Aláásárì ọjọ́ kejì ẹ̀, ẹni ilé tún dé, ohùn kan náà ló tún ṣí. Orí Azeemah wú.

Ìbẹ̀rù náà wá yí padà di nǹkan mìíràn, mi ò mọ orúkọ tí ǹ bá pè é. Bí Aláásárì bá ti ń sún mọ́lé, yóò gbá pálọ̀, yóò jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú kọ̀ǹpútà. Bí "ẹni ilé" bá ti yọ, yóò kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Rísíkátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé àárọ̀ yẹn ò ní bá yín ni." Ó ń bẹ kọ̀ǹpútà! Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ì bá kúnlẹ̀.

Ó wà ní súkùù lọ́jọ́ kan, ó fi dátà fóònù rẹ̀ ṣí ìkànnì náà. Kò béèrè páásíwọọ̀dù. Ó kọ òun náà sílẹ̀ ní "ẹni ilé," láti súkùù! Háà! Àṣé àṣìṣe lásán ni. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni mègádì àti ìkànnì jọ ń gbé, Azeemah ò sì sọ fún mègádì pé kó máa dárúkọ ẹni tó rán an. Ẹni yòówù kó dé, bó ti wù kó jìnnà tó, mègádì nìkan ni ìkànnì ń rí, ó sì ń rò pé ará ilé ni. Ìlà kan péré ló fò nígbà tó ń tò ó. Azeemah, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà!

Kò tètè tún un ṣe o. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí lè máa wo fọ́tò ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ bó bá ti fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, omijé a dé. Bó bá kọ ìlà yẹn, Hameed tún kú nìyẹn. Nígbà tó yá, nítorí Rísíkátù, ó kọ ọ́.

Nígbà tó di Aláásárì ọjọ́ kejì, kò sí orúkọ kankan lójú ìwé àlejò. Azeemah jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò rí ẹni tí yóò kí. Fóònù rẹ̀ wá dún. Ìyá Hameed ló ń pè láti Ìfọ́n. Azeemah kúnlẹ̀ kó tó gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà."

"Ìyàwó," ìyá náà ní, "ohùn ọmọ mi ò ṣí mọ́. Wọ́n ní kí n tẹ nǹkan tí mi ò mọ̀."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣí i lójoojúmọ́?"

"Èmi ni. Bí mo bá ti kírun tán."

"Mo rò pé òun ni, Mà. Mo ti ń kúnlẹ̀ níbí, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó foríjì mí."

Ìyá náà ní, "Nígbà tí Hameed wà láyé, ìkànnì yìí máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi kó tó ṣí, mi ò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ìgbà tí ọmọ mi kú tán ni kò béèrè mọ́. Mo kàn ń fọwọ́ kàn án, ó ń ṣí. Azeemah, mo rò pé Hameed ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi."

Azeemah ò ní ọkàn láti ṣàlàyé mègádì fún un. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún lórí fóònù, kò sì sí èyí tó lè sọ fún ìkejì pé kó dákẹ́.