Lámù Tí A Bò Bí Ebè

Bàbá mi kì í pè é ní ọkọ̀. Baṣé ló ń pè é, bí gbogbo ará Manigri ṣe ń pe irú ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ líle bo ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣu ló fi ń kó lọ sí Bassila kí wọ́n tó bí mi, kajú ló sì ń fi kó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, tí ojú rẹ̀ náà sì fọ́, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kí baṣé yìí gbé e dé oko lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wa iṣu tuntun.

Kò lè gun alùpùpù. A gbìyànjú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ò tíì kọjá odò kékeré ẹ̀yìn ìlú tó fi ń sunkún bí ọmọdé, a sì dá a padà sílé. Àwọn onítakisí ní ọ̀nà oko wa yóò ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Baṣé nìkan ló ga tó, òun nìkan ni a lè tẹ́ ẹní sí lẹ́yìn kí ó dùbúlẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Bassila, ṣùgbọ́n mo mọ abẹ́ ọkọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, kí wọ́n má bínú. Iṣẹ́ mi ni lámù, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lábẹ́ ọkọ̀ láti gba ẹrù mọ́ra. Omi èso kajú máa ń jò sí wọn lára láti àárín pákó. Omi náà kan, ó sì ń jẹ irin. Nítorí náà, bí a bá ti kó kajú tán, màá wọ abẹ́ ọkọ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, màá fi ọ̀bẹ ki òrí sí àárín lámù kan sí èkejì.

Lọ́dún tí bàbá mi ò lè wa ọkọ̀ mọ́, tí a gbé e kalẹ̀ sílé, ó ní kí n ṣe é ní àṣeparí. Ó jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá àgbà.

"Bò ó, ìyá mi. Fi òrí pa á dáadáa, kí o wá bò ó bí ebè. Kí oòrùn má rí i."

Àgbẹ̀ ni, kí ni ì bá tún sọ? Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gbin èbù iṣu, koríko gbígbẹ la fi ń dé ebè lórí kí oòrùn má baà sè é. Mo fi rọ́bà inú ẹsẹ̀ alùpùpù wé lámù típẹ́típẹ́, mo fi okùn dè é, inú mi sì dùn. Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi tú u. Mo máa ń fọwọ́ tẹ rọ́bà lóde, màá ní kò séwu.

Lọ́dún yìí, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a má fi ohun tí bàbá bá ń fẹ́ dù ú mọ́. Mo mú ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe wá láti Bassila. Ó tú rọ́bà àkọ́kọ́, omi pupa sì dà jáde. Ó fi òòlù kan lámù. Kò dún bí irin rárá. Ńṣe ló ń ya bí èèpo igi.

Ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà obìnrin lọ́dọ̀ wa: "Mẹtirẹ́ẹ̀sì, ta ló wé e?"

"Èmi ni."

"Omi wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀ bá kúkú fi í sílẹ̀ lásán, kí ẹ máa fi epo pa á."

Mo bi í bóyá a lè rí òmíràn. Ó mi orí. Ó ní irú rẹ̀ ò sí mọ́, àti pé ibi tí a bá tún fẹ́ so ó mọ́ gan-an ti jẹrà.

Inú bí mi sí rọ́bà, ó bí mi sí bàbá mi, ó bí mi sí ara mi jù lọ. Iṣu tí a bá wà tán, ṣé a máa ń bò ó ni? Orí igi la ń so ó mọ́ nínú àká, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá, kí wọ́n má baà rà. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Manigri mọ ìyẹn. Èmi àti bàbá mi rántí ebè, a gbàgbé àká.

Bàbá gbọ́ ìró òòlù, ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́. Ó táràrà títí ó fi kan lámù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀là kan sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo retí kí ó bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

"Èmi ni mo ní kí o bò ó," ló sọ. Ó ní kí n mú òun padà sínú ilé.

Lọ́jọ́ tí a wa iṣu tuntun, ìyá mi se èyí tó dára jù, ó gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

"Oko ta ni wọ́n ti wà á?"

"Oko yín ni, Bàbá," ni mo dáhùn.

"Mi ò débẹ̀," ló wí, ó sì ti àwo náà padà sọ́dọ̀ ìyá mi.