Ẹ̀fọ́ Lórí Ẹní Kòkó

Bí ẹ bá ń wá ìjọ̀gbọ̀n tí kò lóògùn, ẹ mú ìwé tó sọ pé kòkó dára ju ẹ̀fọ́ lọ, kí ẹ fi lé bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún ra kòkó lọ́wọ́. Èmi kọ́ ni mo fún bàbá mi ní ìwé náà o. Ọmọ àbúrò mi, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì Àkùngbá, ni. Ó ní òun fẹ́ ran bàbá àgbà òun lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run ran òun náà lọ́wọ́.

Ìpá ló ń yọ bàbá mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé e kiri bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ títí tí mo fi mú wọn dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ó ní kí wọ́n lọ máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gòkè, a ó ṣe é. Bí kò bá gòkè, a ó tún máa dúró. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ìfun bá lọ há síbẹ̀ lójijì kí ẹ̀jẹ̀ tó tó, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sáyà kúrò níbẹ̀. Bàbá mi ní tiwọn, bí wọ́n ṣe máa tètè padà sí Ọ̀kà ni wọ́n ń bi mí.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ọ̀kà ni bàbá mi ń gbé, nínú ilé tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n wá bá mi gbé. Ni mo bá di ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ gun òkè. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé àti lọ́jọ́ Sátidé, màá ra tẹ̀tẹ̀ lọ́jà, màá sè é pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, màá gbé e sínú kúlà, màá wọ ọkọ̀ gba Àkùngbá. Bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè Ọ̀kà, gbogbo kọ́nà tó bá yí ni epo ọbẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé ọbẹ̀ dé, bàbá mi ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dè mí. Ìwé tí ọmọ àbúrò mi fún wọn wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ti fi ike bò níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Àkùngbá, kí òjò má baà pa á. Ẹni tí kò fi ike bo ìwé ilẹ̀ rẹ̀ rí!

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Ṣé o mọ̀wé?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ rán mi níléèwé."

"Ó dáa. Ka ibí yìí sókè."

Mo kà á. Kòkó lílọ̀ wà lápá kan, ẹ̀fọ́ wà lápá kejì, ọgọ́rùn-ún gíráàmù sí ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Irin tí ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀: kòkó ló borí. Èyí tí ń mú ara dàgbà: kòkó. Èyí tí ń jẹ́ kí ìgbọ̀nsẹ̀ rọrùn: kòkó náà ni. Ibi tí fítámì wà, níbi tí ẹ̀fọ́ ti ń na kòkó bí ẹni na aṣọ òfì, àtàǹpàkò bàbá mi ló wà lórí ẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ kí n kà á tán."

"Ibẹ̀ yẹn ò ṣe pàtàkì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kòkó fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò mu ún rí. Ọkọ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ."

"Ṣé o rí i?" Wọ́n nàka sí mi. "Ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣe tó!"

Láti ọjọ́ náà, agolo kòkó kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń bù ú sínú ògì, wọ́n ń pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo tiẹ̀ bá wọn tí wọ́n ń wọ́n ọn sórí ẹ̀wà. Ọbẹ̀ tèmi, wọ́n á ṣa ẹja inú rẹ̀ jẹ, wọ́n á kó ẹ̀fọ́ sápá kan abọ́, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ewúrẹ́ ìyá tó wà nílé kejì ló ń bá wa jẹ ìyókù. Nínú gbogbo àdúgbò yẹn, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè.

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ẹ̀fọ́ òyìnbó ló wà nínú ìwé, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀. Mo ní mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

"Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Ìpè náà mọ̀lẹ́bí ni wá," ni wọ́n wí. "Ṣé orí kan náà ló wà lọ́rùn wa?"

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé ni mo wá rí èyí tó burú jù. Wọ́n ju oògùn ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu lójú mi, wọ́n sì fi kòkó gbé e mì. Mo bi wọ́n bóyá bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn látọjọ́ yìí. Wọ́n ní, àní sẹ́, kí agbára lè di méjì. Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Áà! Mà, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kòkó àti tíì kì í jẹ́ kí ara rí oògùn yẹn lò dáadáa. Omi ọsàn ni kí wọ́n fi lò ó."

Bàbá mi gbọ́ ọ kedere. "Nọ́ọ̀sì yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé bàbá ẹ̀ ní oko kòkó?"

"Mi ò bi í, Bàbá."

"Bi í."

Mo gbé kúlà mi. Mi ò dágbére. Ọ̀sẹ̀ méjì ti ṣòfò, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìpá wà níbẹ̀ bí ìbọn tí wọ́n ti kì sílẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń bi mí nípa oko bàbá nọ́ọ̀sì! Wọ́n tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n ń sọ pé Yorùbá ìwé tí mo ń sọ ti pọ̀ jù, pé kí n fi èdè ilé bá àwọn sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ bínú.

Ìyá tó ni ewúrẹ́ ń sá kòkó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Bàbá mi ò lè kọjá lára kòkó láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbé e sétí, wọ́n fún un láti gbọ́ bóyá ó máa dún. Wọ́n fi eyín gé ẹyọ kan, wọ́n tu ú dànù.

"Kò tíì gbẹ. O ò gbọdọ̀ gbé èyí lọ sórí òṣùwọ̀n o!"

"Bàbá, díẹ̀ ló kù kó gbẹ," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lọ́la."

"Bó bá fẹ́ kó wá lónìí. Omi kì í ṣe kòkó. A kì í gbé tútù àti gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Olè ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo dúró. Mo gbé kúlà sílẹ̀.

"Bàbá, kòkó inú ìwé yín, ṣé tútù ni àbí gbígbẹ?"

"Gbígbẹ ni. Wọ́n yan án, wọ́n lọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀."

"Ẹ̀fọ́ ńkọ́?"

Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n yí i, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá elewúrẹ́ pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Bàbá! Ẹ̀yin náà!"

"Ta ló kọ ìwé yìí gan-an?" ni bàbá mi wí.

Ẹ má rò pé wọ́n gbà o. Wọ́n ní àwọn kì í gba ohun tí àwọn ò fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ kejì gan-an, mo gbé odindi báfù tẹ̀tẹ̀ tútù dé láti Ìkàrẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹní kòkó tiwọn, èyí tó ti pẹ́ lájà, wọ́n da ẹ̀fọ́ sí i, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tú kòkó. Oòrùn ràn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí mo fi padà dé, odindi báfù ti di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì gbà. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n fún un, ó dún pẹrẹpẹrẹ.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé omi ni wọ́n ń tà fún yín ní Ìkàrẹ́ ni?"

Kí àwọn oníkòkó má baà wá dìde sí mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìwé yẹn kò purọ́ mọ́ kòkó. Òṣùwọ̀n ló wọ́: kòkó gbígbẹ ni wọ́n gbé kojú ẹ̀fọ́ tútù. Ta ló tiẹ̀ lè jókòó jẹ abọ́ kòkó lílọ̀ kan? Ṣíbí kan tàbí méjì ló tán. Ṣùgbọ́n ènìyàn á jẹ abọ́ ẹ̀fọ́ kan pẹ̀lú iyán, á tún ní kí wọ́n fi sí i.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tún di òmíràn: ẹ̀fọ́ gbígbẹ nìkan! Bí mo bá sè é ní tútù, wọ́n á ní mo fẹ́ fi omi rẹ́ àwọn jẹ. Èmi ń ra báfù báfù, ìyá elewúrẹ́ ń bá wa sá a, ó ń lé ewúrẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ń fi omi ọsàn lo oògùn pẹ̀lú ojú kíkorò. Kòkó di ti àárọ̀ nìkan, jìnnà sí oògùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mi ò lè gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bàbá mi mú ìwé oníke dání. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ yọ.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti tó. Dókítà ní Tọ́sìdé la máa ṣe é. Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀fọ́," ni bàbá mi wí.

Mo ti fẹ́ máa sunkún.

"Ẹ̀fọ́ gbígbẹ. Ọmọ mi yìí, tíṣà ni o, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń gbé omi wá fún mi láti Ìkàrẹ́. Èmi ni mo là á yé e pé a kì í gbé tútù àti gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n kan náà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi bí ẹni wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Mà, ẹ máa gbọ́ ti Bàbá o."

Bàbá mi ti na ìwé sí i pé kó kà á fúnra rẹ̀, mo sì bẹjú wò ó. Fítámì ti yọ sí gbangba. Àtàǹpàkò wọn ti sún wá sókè, orí irin kòkó ló tẹ̀ pẹ́pẹ́.

Mo dìde, mo gba ọ̀nà ọjà lọ ra báfù tẹ̀tẹ̀ míì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Tọ́sìdé, oòrùn sì ń ràn.