Àwọ̀ Tí Ilham Ń Fẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí inú ti ń bí àgbàlagbà láàárọ̀ kùtù, ẹ yà sí ìsọ̀ Bàbá Adékọ̀yà ní Kakuri, ní Kàdúná. Ogún ọdún ló fi po aró ní mílì aṣọ kí wọ́n tó ti mílì náà pa. Látìgbà náà ló ti ń fín ọ̀dà sí táǹkì ọ̀kadà fún àwọn tó bá fẹ́ ṣoge. Lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, àfi Ilham, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Pupa tó ń dán gbinrin ló kọ́kọ́ fín sí ọ̀kadà ọmọ náà, kí tírélà lè máa rí i lókèèrè. Ilham ní ó ti pọ̀ jù. Bàbá ha á dànù, ó fín àwọ̀ ewé, ó sì tún mú un dán. Ilham tún mirí. Ó ní kò gbọdọ̀ dán rárá.

"Kó má dán kẹ̀?" Bàbá ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé Adékọ̀yà ò mọṣẹ́ mọ́ ni?"

"Baba, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, òun ló wà lóde báyìí."

"Òde wo? Èyí tí ọkọ̀ á ti gbá ọ torí pé kò rí ọ? Haba, Ilham! Ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi! Pupa ni, ó parí!"

Ó gbé agolo ọ̀dà pupa. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ilham di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní Bridget, tí àwọn jọ ń gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ láwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Barakallahu, ni àwọn ajínigbé jí gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, òun sì sá wọ inú àgbàdo. Òun gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé ọ̀kadà tó ń kọ mànà náà làwọn ti ń wò bọ̀ láti orí òkè.

Bàbá gbé agolo náà sílẹ̀.

"Má lọ síbẹ̀ mọ́."

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà, Bàbá. Àwọn ọmọ náà ń dúró."

"Tírélà wá ńkọ́?"

"Tírélà máa ń fọn fèrè."

Bàbá dé agolo náà. Ó mú sánpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha táǹkì náà. Kò wojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Erùpẹ̀ ọ̀nà yẹn, ṣé ó pọ́n ni, àbí ó funfun díẹ̀? Sọ ọ́ dáadáa, kí n lè pò ó."