Fáànù Tó Ń Fẹ́ Ara Rẹ̀

Atúnrédíòṣe kan ṣe fáànù oníbátìrì fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ẹ̀yà kékeré tó ń dín agbára bátìrì kù, tó gbóná débi pé ó jó o níka.

"Ara ẹ̀ mà ń gbóná o!" ló fi kígbe.

Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé aṣọ tútù jáde. Ó rò pé ibà ti mú ọmọ wọn.

Ọkọ pààrọ̀ ẹ̀yà náà, òmíràn tún gbóná. Ó kúkú mọ ohun tó fà á. Bátìrì alùpùpù ló so mọ́ fáànù tí kò nílò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ìyókù ló ń di ooru.

"Ẹ wá fi bátìrì kékeré sí i," ni ìyàwó wí.

"Kí màmá ẹ lè sọ pé ahun ni mí? Láéláé!"

Ló bá yí ojú fáànù sí ẹ̀yà náà. Kíá ló tutù. Tayọ̀tayọ̀ ló gbé e lọ fún àna rẹ̀.

Ìyá jókòó síwájú rẹ̀ títí, afẹ́fẹ́ kankan ò kàn án.

"Ọkọ ọmọ mi, atẹ́gùn tèmi dà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ara ẹ̀ nìkan ló ń fẹ́."

Ìyá wo fáànù, ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Mi ò bá fáànù wí. Ẹni tó bí i ló jọ."