Ẹsẹ̀ Rosetta àti Owó Ilé Ernestine

Ernestine Tibbs ń dáná ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Cleveland. Nínú dọ́là mẹ́wàá tó bá wọlé fún un, ó ń fi mẹ́ta san owó ilé. Ìjọba ń san ìyókù fún onílé. Ọdún kẹsàn-án rè é nínú ètò náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí.

Lóṣù kìíní, Rosetta tí wọ́n jọ ń dáná yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn arúgbó ò sáà lè fi ebi sùn. Ernestine fi iṣẹ́ Rosetta kún tirẹ̀ fún odindi oṣù kan. Ìwé owó oṣù yẹn gan-an ló mú lọ sí ọ́fíìsì ètò owó ilé náà nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé wọ́n á rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n fi oṣù kan yẹn wọn gbogbo ọdún fún un. Irínwó dọ́là ó lé àádọ́ta tó ń san di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún. Kò sí ibi tó ti fẹ́ rí i. Tí kò bá sì rí i, onílé á lé e jáde.

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì náà, Denelle, ọmọ àdúgbò rẹ̀, ló wà nídìí tábìlì.

“Àǹtí Ernestine, ẹ jókòó.”

“Mo ti jókòó. Ta ló sọ fún yín pé owó èèyàn méjì ni mò ń gbà?”

“Ìwé tí ẹ mú wá ni.”

“Rosetta ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbí kí n lọ ṣẹ́ ẹsẹ̀ kejì fún un, kí ìṣirò yín lè bára mu?”

Denelle rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì.

“Ṣé onílé kun ilé ni, tí owó mi fi lọ sókè?” Ernestine ò tíì ṣe tán. “Iye tó ń gbà ò yí padà. Ẹ̀yin lẹ dín tiyín kù, ẹ gbé e ka èmi lórí.”

“Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín kọ̀wé pé àfikún iṣẹ́ yẹn ti parí, pé kò ní wáyé mọ́ lọ́dún yìí. Màá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀.”

“Tí ẹlòmíì bá ṣubú ńkọ́?”

“Tí ẹ bá tún ṣe àfikún, ẹ gbọ́dọ̀ wá sọ. A ó tún un ṣírò. Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ṣòfin.”

“Mo mọ̀. Ẹni tó ṣe é ò gbé àdúgbò wa.”

Fóònù Ernestine dún. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni. Ó gbé e sójú tábìlì kí Denelle lè gbọ́.

“Ernestine, ẹsẹ̀ Rosetta tún ti wú o. Jọ̀ọ́, bá wa wá lọ́jọ́ Sátidé.”

Ernestine ti fóònù sọ́dọ̀ Denelle. “Dá a lóhùn.”

Denelle tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ọ̀gá, mi ò ní wá,” ni Ernestine wá sọ. “Ẹ kọ̀wé fún mi pé mi ò ní ṣe ju iṣẹ́ tèmi lọ mọ́ lọ́dún yìí. Mò ń bọ̀ wá gbà á báyìí.”

“Kí làwọn arúgbó fẹ́ jẹ?”

“Búrẹ́dì.”

Ó pa fóònù, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.