Ohun tí mo kọ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà ní Òde Rẹ́mọ, máa ń sọ fún àlejò pé bí ilé bá ń jó, èmi á dúró dìgbà tí ẹnìkan bá bi mí léèrè kí n tó sọ pé iná ni. Àlejò á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, èmi á gbé abọ́ wọlé. Mi ò bá a jiyàn rí. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí pé ó nílò ẹni tí yóò máa bá a yan gàrí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó ti èéfín ìdí agbada rẹ̀. Nígbà tí mo wá ríṣẹ́ ní Ṣàgámù, tí mo sì rí yàrá kan gbà ní Makun, mo búra fún ara mi pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, mi ò ní padà sídìí agbada náà. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ èyí, torí òun ló fà á tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí oríta márosẹ̀. Èmi ni mo ń fọ ọkọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, eruku tírélà tó ń kọjá kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mọ́ fún wákàtí méjì, bí mo bá sì ti nu ti ẹ̀yìn tán, ti iwájú á ti pọ́n. Èmi náà ni mo ń fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sára gíláàsì iwájú wọn: èyí tó ní éésì tó ń tutù, èyí tí wọ́n ti rà, àti ẹni tó rà á. Ìkọ̀wé mi dára. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi yìn mí fún rí nìyẹn, kò sì yìn mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Odi ló ń pè mí. “Odi, wá nu èyí.” “Odi, ṣé o ti kú ni?” Àwọn oníbàárà náà mú un lẹ́nu rẹ̀.

Bí ooru bá ti mú ni àwọn tó ra ọkọ̀ máa ń padà wá bú ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, táyà ti bẹ́, nǹkan ti jó nínú ọkọ̀. Ó sú u. Ló bá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n mú ìwé àti bírò, ó sì ka ohun márùn-ún kalẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde. Èèyàn tí kì í sọ òótọ́ púpọ̀ ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni máràárùn-ún. Àárọ̀, kí oòrùn tó ta sí táyà, ni kí èèyàn yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, torí táyà tó ti gbóná á purọ́ fún un. Kí ó má fi láítà tàbí lọ́fíńdà alágolo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Kí ó má ti ọmọ tàbí arúgbó mọ́nú ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rà. Kí ó má ṣí rédíétọ̀ tó bá gbóná, kí ó dúró títí yóò fi tutù. Kí ó má sì bu omi kànga sí i, omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀ ni kó lò.

Mo ní ṣé ọ̀gá ò ní í máa sọ ọ́ fúnra wọn.

“Ìwọ lo máa sọ ọ́,” ó ní. “Bóyá ẹnu ẹ á là.”

Mo ń sọ ọ́, àmọ́ táyà ni mò ń sọ ọ́ fún. Mi ò lè wo ojú àjèjì kí n máa kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà á ti máa mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní “ó dáa, ó dáa,” wọ́n á sì wọlé sínú ọkọ̀ kí n tó dé ìkẹta. Ìkẹrin ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú wọn, torí mo ti rí ọkùnrin kan ní Ibido tí omi rédíétọ̀ bó lójú. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkẹrin yẹn sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní apá inú níbi tí irin rẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹni tó máa ṣí rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ mi á ti dúró dè é níbẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá. Mi ò sọ fún ọ̀gá. Inú mi ń dùn sí i níkọ̀kọ̀, bíi pé mo ti rí ọ̀nà tí mo fi lè sọ̀rọ̀ láì dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Àlàájà kan tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù wá ra ọkọ̀ elérò méje lọ́wọ́ wa, tó fẹ́ máa fi kó ẹrù. Ó rán dírẹ́bà rẹ̀ wá gbé e ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn le débi pé mò ń wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó lè dúró lórí kọnkéré. Bàbá náà á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó wọ fìlà, ó sì fi ìpè Rẹ́mọ tó wúwo kí ọ̀gá. Ó wá dúró síwájú ọkọ̀ náà gan-an. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì pé TI ÀLÀÁJÀ ni, WỌ́N TI RÀ Á. Ó wo gíláàsì, ó wo èmi.

“Èwo ni tiwa níbẹ̀?”

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú bí mi. Mo na ọwọ́ sí i láì sọ̀rọ̀, mo sì ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti táyà. Mo ka ti láítà. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

“Ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò? Ọmọbìnrin yìí, nígbà tí mo ti ń wa mọ́tò, ìyá ẹ ò tíì mọ bàbá ẹ.”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Etí mi gbóná. Mo na ìwé náà sí bàbá yìí pé kí wọ́n kúkú kà á fúnra wọn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà. “Gbé ìwé ẹ lọ jàre.”

Mo pa ìwé dé. Ó ku mẹ́ta tí mi ò sọ. Mo dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń yí ọkọ̀ jáde, mo sì kórìíra rẹ̀ pátápátá. Mo sọ lọ́kàn mi pé kó máa lọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì á bá a sọ èyí tó kù. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lọ́kàn.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ kan wọ́ ọkọ̀ náà padà wá. Àlàájà wà nínú ọkọ̀ tó wọ́ ọ, bàbá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì funfun wé apá rẹ̀ ọ̀tún láti ọwọ́ dé èjìká, ọrùn rẹ̀ sì ti bó. Àlàájà ò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní àárín tírélà ni ọkọ̀ há sí lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná, bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ di ìdérí rédíétọ̀ mú, ó ṣí i, omi gbígbóná sì tú sí i lára. Ó ní ọkọ̀ burúkú ni wọ́n tà fún òun, àti pé kò sẹ́nì kankan níbí tó kìlọ̀ fún dírẹ́bà òun.

Ọ̀gá mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi yíjú sí mi.

“Ẹ bínú, Àlàájà. Mo ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́. Odi, ṣé o sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣí i?”

Mo wo táyà.

“Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?”

Bàbá náà dá a lóhùn dípò mi pé mi ò sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá mi ní kí n lọ kó ẹrù mi, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sítóò sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó rí ohun tí ó máa fi tu Àlàájà nínú. Èéfín agbada ni mo gbọ́ nímú mi. Mo rí àbúrò bàbá mi bó ṣe máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi dé ìdí ọkọ̀ náà. Mo fa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, mo fi irin gbé e dúró, mo sì sún sẹ́yìn.

Àlàájà wá. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kà á sókè díẹ̀díẹ̀: “Má ṣí rédíétọ̀ tó bá gbóná. Dúró kó tutù.” Ó yíjú sí dírẹ́bà rẹ̀. “Bàbá, ẹ ò rí eléyìí ni?”

Bàbá náà wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ ń rìn lórí àwọn lẹ́tà náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ògiri láti mọ ibi tó ti sán. Ìgbà náà ni mo rántí bó ṣe dúró síwájú gíláàsì, tó ń bi mí pé èwo ni tiwọn. Mo rántí ìwé tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé mo ti mọ̀.

“Mo rí i,” ó ní. “Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni.”

“Ẹ rí i, ẹ sì ṣí i?” Àlàájà na ọwọ́. “Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mi wá.”

Ó fi ọwọ́ òsì yọ kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò ọ̀tún, ó sì pẹ́ kó tó rí i yọ. Mi ò lè sọ pé àánú ló jẹ́ kí n dákẹ́. Bí mo bá sọ pé kò lè kà á, Àlàájà á béèrè pé irú ìkìlọ̀ wo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ á sì tún padà sórí mi. Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí gbogbo wọn ń ka ohun tí mo kọ, èmi ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i pé irin tó yẹ kó de róbà omi mọ́ ẹ́ńjìnnì ti tú sílẹ̀, ó ń mì lásán. Ibẹ̀ ni omi ti ń jò tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná. Ẹni tó de róbà náà kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa ni ọ̀gá mi, èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Òun náà ti rí i. Ó fa aṣọ ìnukọ̀ kúrò léjìká mi, ó jù ú lé e lórí, ó wá wò mí. Kò tún sọ̀rọ̀ pé kí n kó ẹrù mi mọ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ti ní kí n máa kọ ọ́ sínú gbogbo ọkọ̀, ó sì ń sọ fún oníbàárà pé ọgbọ́n orí òun ni. Odi ló ṣì ń pè mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ pé ara àbúrò bàbá mi ò yá, mo sì wọ takisí lọ sí Òde Rẹ́mọ. Iwájú ni àyè wà. Mo ti jókòó kí n tó rí apá dírẹ́bà: awọ rẹ̀ ti kó jọ, ó ń dán láti ọwọ́ dé ibi tí ẹ̀wù bò. Ó mọ̀ mí. Mo kí i, ó wa ọkọ̀ lọ. A kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì fi gòkè. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ọkọ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá ká ọwọ́ mọ́ àyà. Obìnrin elẹ́ja kan tó wà lẹ́yìn ní kí ló dé tí wọn ò ṣí i kí wọ́n bu omi sí i, ẹja òun ń bàjẹ́.

“Ó gbóná,” bàbá ní. “A máa dúró.”

A dúró. Oòrùn ń pa wá. Nígbà tó pẹ́, ó tẹ̀ síbi fèrèsé mi. “Ìwọ tó mọ ìwé kọ. O ti lè sọ̀rọ̀ báyìí àbí?”

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Róbà omi ló tú lọ́jọ́ náà, sà. Wọn ò dè é dáadáa kí ẹ tó gbé e. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.”

“Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀gá mi, sà. Àti èmi.”

“Láti ìgbà yẹn?”

“Láti ìgbà yẹn.”

Ó lọ gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀, ó ṣí i wẹ́rẹ́, ó bu omi sí i, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn.

“Sọ̀ kalẹ̀.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ilé kankan ò sí nítòsí, oko ẹ̀gẹ́ nìkan ló wà lọ́tùn-ún lósì. Kí n tó ti ilẹ̀kùn náà ni obìnrin elẹ́ja ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí àyè mi.